Mọ́tò kékeré wo ni kò ní jẹ èrè ọjà mi tán lọ́nà Ìlọrin àti Èkó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Òṣogbo níbí. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń gbé ọjà lọ sí Ìlọrin, mo sì ń lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Jíípù onípísítínì mẹ́fà tí ọkọ mi ń lò kó tó fẹ̀yìn tì ni mò ń wà, àmọ́ láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè, èrè ọjà ni mò ń dà sínú táǹkì. Mo fẹ́ tà á, kí n fi owó rẹ̀ ra mọ́tò kékeré tí kì í mu epo púpọ̀. Àbúrò mi ní kí n ra èyí tó kéré jù lọ, ẹlẹ́ńjìnnì lítà 1.0. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Èwo ni kí n rà, kí sì ni kí n wò lára rẹ̀ kí wọ́n má baà lù mí ní jìbìtì? Ìyá Alàdìrẹ, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìrìn àjò. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Láti Òṣogbo dé Ìlọrin tó bí 100 kìlómítà, dé Èkó tó bí 230. Bí a bá pa àlọ àti àbọ̀ yín pọ̀, ó ń lọ sí bí 1,720 kìlómítà lóṣù. Jíípù onípísítínì mẹ́fà máa ń mu bí lítà 12 lórí 100 kìlómítà, ìyẹn bí lítà 206 lóṣù. Corolla ẹlẹ́ńjìnnì 1.8 tí ara rẹ̀ dá máa ń mu bí lítà 7 àbọ̀, ìyẹn bí lítà 129. Èyí tí àbúrò yín ń sọ, ká ní lítà 6 àbọ̀ ló ń mu pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn rẹ̀, bí lítà 112 nìyẹn. Ká wá fi 1,000 náírà ṣírò lítà kan kó lè rọrùn. Bí ẹ bá kúrò nínú jíípù bọ́ sí Corolla, bí 77,000 náírà lẹ ó máa rí fi pamọ́ lóṣù. Bí ẹ bá tún kúrò nínú Corolla bọ́ sí èyí tó kéré jù, 17,000 péré ló máa lé.

N kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ torí 17,000 yẹn ra mọ́tò ẹlẹ́ńjìnnì 1.0 fún irú ìrìn tí ẹ ń rìn. Nínú ìlú, láti Òkè-Fìà dé Ọjà-Ọba, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀. Àmọ́ ẹ ronú ọjọ́ tí ẹ di àdìrẹ kún búùtù, tí èèyàn méjì jókòó lẹ́yìn, tí éésì ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán, tí tírélà sì dí yín lọ́nà. Ẹ fẹ́ kọjá lára rẹ̀ kí mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú tó dé. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ pé agbára kò sí. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké, eré kò ní yá. Bí ẹ bá sì ní oníbàárà lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, níbi tí òkè pọ̀ sí, ohun kan náà lẹ ó bá pàdé. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí a ń fipá lò mọ́ òkè kì í mu epo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì láàárín 1.5 sí 1.8 ló bá ọ̀nà jíjìn wa mu.

Ní tèmi, Toyota Corolla ọdún 2003 sí 2008, ẹlẹ́ńjìnnì 1.8, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ṣéènì ló so àwọn ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa yí, kì í ṣe bẹ́líìtì tó máa ń gbó tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀. Àga ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ lára wọn ṣeé ká sílẹ̀, ẹrù yín á wọlé dáadáa. Táǹkì rẹ̀ ń gba bí lítà 50, ẹ lè kún un ní Òṣogbo kí ẹ lọ Èkó kí ẹ sì padà láìdúró ra epo lọ́nà. Ohun tó tún jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀yà rẹ̀ tí a kì í rí. Bí a kò bá rí i ní Òṣogbo, ọjà ẹ̀yà mọ́tò Àràròmí ní Ìbàdàn kò jìnnà, ẹ̀yin fúnra yín sì ń lọ sí Èkó tí ọjà Ládìpọ̀ wà. Mọ́tò tó mu epo díẹ̀ àmọ́ tí a ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá ẹ̀yà rẹ̀ kì í ṣe mọ́tò oníṣòwò.

Bí owó yín kò bá tó Corolla tó mọ́, ẹ wo Yaris láti 2007 sókè, ẹlẹ́ńjìnnì 1.5. Ṣéènì ni òun náà ń lò, epo rẹ̀ sì dín díẹ̀ sí ti Corolla, àyè ẹrù ló kéré. Ẹ ṣọ́ra fún Corolla tó ṣáájú 2003. Àwọn ẹ́ńjìnnì 1.8 ìgbà náà, a mọ̀ wọ́n mọ́ jíjẹ ọ́ìlì. Honda Civic 2001 sí 2005 dára lọ́nà, àmọ́ bẹ́líìtì ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ ka owó bẹ́líìtì tuntun mọ́ owó mọ́tò náà, nítorí bó bá já lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì lè bá a lọ. Ní ti àwọn tó ń lo bátìrì pẹ̀lú epo bíi Prius, inú ìlú ni èrè wọn pọ̀ sí, bí bátìrì ńlá rẹ̀ bá sì kú, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Owó gáàsì CNG, ìyẹn gáàsì tí a ń fún mọ́ inú sìlíńdà, kéré sí owó epo, àmọ́ inú búùtù ni wọ́n máa ń gbé sìlíńdà rẹ̀ sí, ibẹ̀ sì ni àdìrẹ yín ń gbé.

Ìyá wa, orúkọ mọ́tò nìkan kò tó o. Mo ti rí Corolla tó ń mu epo bíi jíípù, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó fà á.

Ó ti di àṣà láàárín àwa mẹkáníìkì pé bí mọ́tò bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan, ohun àkọ́kọ́ tí a ó yọ sọnù ni thermostat. A ó ní ilẹ̀ òyìnbó tó tutù ni wọ́n ṣe é fún, pé Nàìjíríà kò nílò rẹ̀. Kì í ṣe òótọ́, ó sì ń dùn mí pé àwọn ọmọṣẹ́ ṣì ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn. Ìlẹ̀kùn kékeré kan ni thermostat, kò ju ẹnu ago tíì lọ, ojú ọ̀nà tí omi ń gbà láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀ ló wà. Bí omi bá ṣì tutù, á tì. Bó bá gbóná dé bí 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí ẹ bá fi ọ̀kan sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù, tí ẹ tẹjú mọ́ ọn, ẹ ó rí i bó ṣe ń la ẹnu díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín tó ń yọjú nínú ìkarahun. Bí omi náà bá tutù, á tún padé.

Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, omi ò ní dúró gbóná mọ́. Nínú ìlú ẹ lè má mọ̀. Bí ẹ bá dé ojú títì tí atẹ́gùn ń lu rédíétọ̀, ẹ́ńjìnnì á tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wo ìgbóná omi á sọ fún brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, pé ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná. Brain box á máa bu epo kún epo, bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan mọ́tò láàárọ̀ ni, títí ẹ ó fi dé Èkó.

Olùkọ́ kan gbé Corolla 2005 wá bá mi, ó ní lítà 10 ló ń mu lórí 100 kìlómítà lọ́nà Ìbàdàn. Wọ́n ti pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, wọ́n ti fọ nọ́sù, kò sí ìyàtọ̀. Mo ní kí a jọ gbé e jáde gba ọ̀nà Gbọ̀ngán. A kò tíì rìn jìnnà sí ìlú tí abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná hàn fi wálẹ̀, ó lọ dúró nítòsí C, àmì òtútù. Nígbà tí a padà dé Ọláìyá, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá wa dúró, ó tún gòkè. Mo tú ilé thermostat rẹ̀, òfìfo ni. Fáànù rẹ̀ náà, wọ́n ti so ó mọ́ iná tààrà, kò dúró de ìgbóná kó tó yí. A fi thermostat tuntun sí i, a dá wáyà fáànù padà sípò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó pè mí, ó ní ó ti wálẹ̀ sí lítà 8.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ dán mọ́tò wò, ẹ má gbà kó jẹ́ yíyí po àdúgbò nìkan. Ẹ wà á lọ sójú títì fún bí ìṣẹ́jú ogún, kí ojú yín wà lára abẹ́rẹ́ yẹn. Kó gòkè dé bí agbedeméjì, kó sì dúró síbẹ̀. Bó bá ń wálẹ̀ bí ẹ ṣe ń sáré, tó ń gòkè bí ẹ bá dúró, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹ tún wo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù dáadáa. Lára ọ̀pá jíà Corolla tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ (automatic), bọ́tìnnì kékeré kan wà. Bí ìka bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, O/D OFF á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé jíà kò ní wọ ìkẹrin, ẹ́ńjìnnì á sì máa yí ju bó ṣe yẹ lọ lójú títì. Mo mọ ẹni tó fi iná yẹn rìn fún ọ̀pọ̀ oṣù tó rò pé mọ́tò òun ló ń jẹ epo.

Láàárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ lọ wo mọ́tò, kí ẹ sì sọ fún dílà pé kó má tan án kí ẹ tó dé. Ẹ fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, ohun kan wà tí kò fẹ́ kí ẹ rí. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá dà bí ògì bàbà, ó ṣeé ṣe kí omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ẹ kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì. Iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti lè pa á kí ẹ má baà mọ̀ pé mọ́tò ń ṣàìsàn. Bí wọ́n bá wá tan án, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn wo èéfín. Èéfín tó ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ aṣọ sínú aró, ojú yín kò ní ṣi àwọ̀ yẹn mú.

Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín sìkáànù rẹ̀ pẹ̀lú. Kó wo abẹ́ mọ́tò bóyá catalytic converter, ẹ̀yà tó ń sọ èéfín di mímọ́, ṣì wà lára sàlẹ́ńsà, nítorí àwọn kan máa ń gé e tà. Kó wo oxygen sensor náà. Òun ló ń sọ fún brain box bóyá epo pọ̀ jù. Bó bá ti kú, àbá ni brain box á máa dá, ó sì máa ń dá a sí ọ̀nà epo púpọ̀.

Ní ti tòkunbọ̀, ẹ fa bẹ́líìtì àga jáde títí dé òpin. Bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ gbígbẹ tàbí ìlà omi lára rẹ̀, mọ́tò yẹn ti wẹ̀ nínú odò. Ẹ ka nọ́ńbà onílẹ́tà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Ìkẹwàá rẹ̀ ló ń sọ ọdún mọ́tò tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà: 5 ni 2005, 8 ni 2008, A ni 2010. Kó bá ohun tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu. Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ìlà tí wọ́n kọ DOT sí níbẹ̀rẹ̀. 2419 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 24 ọdún 2019. Èmi kì í fi táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́fà rìn ọ̀nà Èkó, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dára tó.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ má gbé ẹrù sórí òrùlé, atẹ́gùn á máa fà á sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà fẹ́ táyà dé iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ má sì kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ibẹ̀ náà ni òfin fi mọ fún wa lójú títì márosẹ̀. Bí ẹ bá gbé e dé 130, agbára tí atẹ́gùn fi ń dá mọ́tò dúró á fi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ju ti 100 lọ, epo ni ẹ ó sì fi ti atẹ́gùn náà.

Kí ìwé kékeré kan wà nínú mọ́tò. Ẹ kún táǹkì ní iléepo kan, ẹ kọ nọ́ńbà kìlómítà sílẹ̀. Bí ẹ bá ti Ìlọrin dé, ẹ padà sí iléepo yẹn, ẹ tún un kún, kí ẹ kọ iye lítà tó wọlé. Ẹ fi 100 sọ lítà yẹn di púpọ̀, ẹ pín in fún iye kìlómítà tí ẹ rìn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbà á gbọ́. Bí Corolla yín bá wà láàárín 7 sí 8, ẹ máa bá ọjà yín lọ. Bó bá ti kọjá 9 lójú títì, ẹ gbé e wá kí ẹ tó tún dé Èkó, thermostat rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ tú.