Ọmọ Kòríà tó ní òun ò ní ẹ̀sìn: ẹnu mi ló kó bá mi

Àbúrò, o ní ọmọ Kòríà tẹ́ ẹ jọ máa gbé yàrá kọ̀wé sí ẹ pé òun ò ní ẹ̀sìn kankan, àyà ẹ sì já, o wá ń bi wá bóyá kó o wá yàrá míì. Má wá yàrá kankan o. Jẹ́ n sọ tèmi fún ẹ.

Daejeon, ìlú kan ní Kòríà, ni mo ti ṣe másítàs. Kí n tó lọ, ohun tí mo mọ̀ nípa Kòríà ò ju Pásítọ̀ Yonggi Cho àti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ẹ̀, Yoido, ní Seoul lọ, o kúkú mọ báwọn pásítọ̀ wa ṣe máa ń dárúkọ ẹ̀, mo rò pé ìlú àdúrà ni mò ń lọ. Alẹ́ ọjọ́ tí mo dé, mo yọjú lójú wíńdò, àgbélébùú oníná pupa lórí òrùlé bí i méje, inú mi dùn gan-an. Àṣé mi ò tíì rí nǹkan kan. Nínú ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní 2015, nínú èèyàn 100, 56 ló ní àwọn ò ní ẹ̀sìn, Pùròtẹ́sítáǹtì ò pé 20, ẹlẹ́sìn Búdà bí i 15, Kátólíìkì bí i 8. Ìgbà tí Gallup Korea, àwọn tó máa ń wádìí èrò aráàlú, béèrè ní 2021, àwọn tí ò ní ti di 60.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní làábù wa, sunbae ni wọ́n ń pe ẹni tó ṣáájú ẹ débẹ̀, òun ló bá mi ra síìmù, òun ló mú mi lọ báǹkì. Ọjọ́ kan a ń jẹun ọ̀sán ló ní òun ò ní ẹ̀sìn. Èmi náà ò jẹ́ kó tutù, mo ní háà, ta ló wá dá ẹ, tó o bá kú ńkọ́, níwájú gbogbo èèyàn o! Ó rẹ́rìn-ín, ó ń jẹ ìrẹsì ẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ pé ìtìjú ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láago ní gbogbo Sátidé pé kó bá mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò gbé fóònù mi mọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dá jẹun. Ọmọ làábù wa kan tó jẹ́ Kátólíìkì ló là mí lójú, ó ní ṣé mi ò rí àwọn tó máa ń gbé pátákó kiri ní Myeongdong, àdúgbò ìtajà kan ní Seoul, àti nínú sọ́bùwéè ni, tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé Jésù ni ọ̀run rere, àìgbàgbọ́ ni iná, ó ní láti kékeré làwọn ti ń gbọ́ ọ, ó ti sú wọn.

Lọ́dọ̀ tiwa, tó o bá pe èèyàn ní kèfèrí, ìjà lo ń wá. Tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní òun ò ní ẹ̀sìn, ohun tó ń sọ ni pé òun ò fi orúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Mugyo ni wọ́n máa ń sọ, bó sì ṣe dún yẹn náà ni wọ́n fi ń pe ẹ̀sìn àwọn mudang, àwọn obìnrin tí ẹ̀mí máa ń gùn (kò dẹ̀ yà mí lẹ́nu mọ́).

Torí ẹ̀rọ tuntun kan dé sí làábù wa, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe gosa, bí ètùtù ni. Mo débẹ̀, orí ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ lórí tábìlì, ọtí ìrẹsì, ẹja gbígbẹ, wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀. Sunbae mi tí ò ní ẹ̀sìn yìí ló kọ́kọ́ forí kanlẹ̀, ó dìde, ó fi owó sẹ́nu ẹlẹ́dẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà dà wá láàmú. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ Ògún ni! Ọ̀jọ̀gbọ́n wa tó jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò forí balẹ̀, kò sì báni jà. Ó bá wa jẹ ẹran ẹ̀ ṣá.

Ìgbà tí àárín èmi àti sunbae tún gún, ó mú mi lọ ilé wọn nígbà Chuseok, ọdún ìkórè wọn. Wọ́n gbé oúnjẹ ka iwájú àwọn baba ńlá wọn, jesa nìyẹn. Ìyá ẹ̀ forí balẹ̀, àǹtí ẹ̀ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì jókòó sí kíṣínì. Ọ̀rọ̀ yìí ti pààyàn rí o: ní 1791 wọ́n pa Yun Ji-chung, Kátólíìkì ni, torí ó sun pátákó orúkọ àwọn baba ńlá ẹ̀. Ní 1939 ni Róòmù wá gbà wọ́n láyè, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ Kátólíìkì fi ń ṣe é, àmọ́ ọ̀pọ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì kì í ṣe é. Tí wọ́n bá pè ẹ́, tó ò ní forí balẹ̀, tètè sọ ọ́ fónílé, má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dórí ẹní.

Ti ìjọsìn, fọkàn balẹ̀. Wọ́n ń gbàdúrà láàárọ̀ kùtù, wọ́n á ké "Juyeo" (Olúwa) lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ilé á gbà á lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, wàá rò pé Aládùúrà ni.

Ìdánwò àṣewọlé yunifásítì wọn, bí JAMB tiwa, November ni, àwọn ìyá míì á fi 100 ọjọ́ gbàdúrà fún un, ní tẹ́ńpìlì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Àárọ̀ ọjọ́ tí àbúrò sunbae mi fẹ́ ṣe é, aago mẹ́fà ò tíì lù, téèsì sunbae wọlé: ó ní Ọlọ́run tèmi yẹn, kí n jọ̀ọ́ bá a sọ̀rọ̀.