Ara wà nílé, ọkàn ti lọ: báwo ni mo ṣe lè fà á padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ mi, ọmọ ọdún 6, ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwé wọn fún mi. Nígbà tó parí, ó ní, “Mọ́mì, kí ni mo ní tíṣà ṣe?” Mi ò mọ̀ ọ́n. Iwájú rẹ̀ ni mo jókòó sí o, mo tilẹ̀ ń mirí, mo ń ṣe “ẹn-hẹ́n, ẹn-hẹ́n.” Bí gbogbo ọjọ́ mi ṣe rí nìyẹn. Mo ń wẹ̀, mo ń ro ìpàdé. Mo dé ìpàdé, mo ń ro ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa jókòó, kí n dijú, kí n má ro ohunkóhun fún ogún ìṣẹ́jú. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣe ni ìrònú tún ń ya lù mí. Ṣé nǹkan ń ṣe ọpọlọ mi ni? Àti pé mi ò ráyè fún iṣẹ́ mìíràn mọ́.

Ìdáhùn: Nǹkan kan ò ṣe ọpọlọ yín. Ìmọ̀ràn tí ọ̀rẹ́ yín fún yín ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń yún pé kó má rántí pé ẹsẹ̀ ń yún òun, kí ẹ wá wo bí yóò ṣe máa họ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìrònú rí: bí a bá ṣe ń lé e tó ló ń rìn mọ́ni tó. Fífọkàn sí ohun tó wà níwájú ẹni kì í ṣe pé kí orí ṣófo. Kéèyàn tètè mọ̀ pé ọkàn òun ti lọ ni, kó sì fà á padà láìbínú.

Kò sì sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ kì í lọ. Ní 2010, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert ti Yunifásítì Harvard gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ń fi fóònù bi àwọn àgbàlagbà 2,250 léèrè láìròtẹ́lẹ̀, lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ wọn: kí lẹ ń ṣe báyìí, kí lẹ ń rò, báwo ni inú yín ṣe rí? Nínú ìgbà 100 tí wọ́n bá béèrè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 47 tí ọkàn ò sí nídìí ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Ìbálòpọ̀ nìkan ló gba ọkàn èèyàn dáadáa (ẹ má rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn). Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé kódà nígbà tí ọkàn bá lọ sórí ohun tó dùn, inú àwọn èèyàn náà kò dùn ju ìgbà tí ọkàn wà nídìí iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ.

Iṣẹ́ tí ọwọ́ ti mọ̀ dunjú, bí ìwẹ̀ tàbí abọ́ fífọ̀, kò gba ọpọlọ lákòókò mọ́. Ní 2001, Marcus Raichle, onímọ̀ nípa ọpọlọ, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣàlàyé pé àwọn apá kan wà nínú ọpọlọ tó jẹ́ pé ìgbà tí a kò bá gbé iṣẹ́ kan pàtó lé e lọ́wọ́ gan-an ni iṣẹ́ tiwọn ń pọ̀ sí i. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀ la máa ń tú ọ̀rọ̀ àná wò, tí a sì ń ṣètò ọ̀la. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni bú u, nítorí ẹni tí kì í ro ọ̀la yóò gbàgbé ọjọ́ ìdánwò ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìwẹ̀ tí ẹ dárúkọ yẹn. Níbo lomi ti kọ́kọ́ kàn yín? Ṣé ó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni, àbí ó ti ń tutù? Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ìpàdé yóò ti wọlé dé. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ nínú yín, “ìpàdé nìyẹn,” kí ẹ sì padà sídìí omi. Bó bá lọ lẹ́ẹ̀ogún, ẹ fà á padà lẹ́ẹ̀ogún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi rò pé bí ọkàn bá ti lọ, àwọn ti kùnà nìyẹn, ni wọ́n bá jáwọ́. Fífà á padà yẹn gan-an ni eré ìdárayá náà.

Bí ìpàdé kan náà bá ń padà wá ṣáá, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kí ẹ tó wọ ilé ìwẹ̀: ohun tí ẹ fẹ́ sọ níbẹ̀, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Ìrònú tó ti wà lórí bébà kì í sábà kanlẹ̀kùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ló jẹ mí lógún jù. “Ẹn-hẹ́n” yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí ẹnu lè máa sọ ọ́ fún wákàtí kan kí etí má gbọ́ nǹkan kan. Ẹ fi ìbéèrè kékeré rọ́pò rẹ̀, kí ẹ mú un látinú ohun tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ: “Ó gba pẹ́ńsùlù rẹ? Kí lo wá ṣe?” Ẹni tí kò gbọ́ ò lè béèrè irú ẹ̀. Ẹ gbé fóònù sí yàrá mìíràn. Bí ẹ bá kàn dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí tábìlì, ojú á ṣì máa yọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá báyìí tó. Bí ọkàn bá lọ láàárín kan, ẹ má díbọ́n. Ẹ ní, “Jọ̀ọ́, ọkàn mi ti lọ síbòmíràn, tún ibi tí tíṣà ti wọlé yẹn sọ.” Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi rí. Ó wò mí, ó ní òun náà kì í gbọ́ mi nígbà mìíràn.

Ìjókòó dijú tí ọ̀rẹ́ yín sọ ní àyè tirẹ̀. Ní 1979, Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ fún àwọn aláìsàn ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts. Ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ ni lónìí. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Psychiatry ní 2022 fi ẹ̀kọ́ náà wé oògùn escitalopram fún àwọn tí àníyàn ti di àìsàn sí lára, kò sì rẹ̀yìn sí oògùn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wà níbẹ̀, ìdánrawò ojoojúmọ́ sì wà nílé. Ẹni tí ohun tó bani lẹ́rù ti ṣẹlẹ̀ sí rí kò gbọ́dọ̀ fi dídijú bẹ̀rẹ̀, torí ó lè gbé ohun náà padà wá síwájú rẹ̀. Kó lajú, kó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kó máa wo ohun kan nínú yàrá.

Bí oorun ò bá kun yín mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ yín kò dùn mọ́ yín mọ́, ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ ìwẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà lójúkojú. Bí oògùn kan bá sì wà tí ẹ ti ń lò, ẹ má torí ohun tí mo kọ yìí dá a dúró.