Dátà WhatsApp Wà, Ìkànnì Yunifásítì Kò Ṣí: Ta Ló Ń Yan Ohun Tí A Ó Rí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Dátà WhatsApp olówó pọ́ọ́kú ni mo máa ń rà lóṣooṣù, torí pé orí WhatsApp ni àwọn oníbàárà mi wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin gba fóònù mi láti fi wo èsì ìdánwò rẹ̀ lórí ìkànnì yunifásítì rẹ̀. Ìkànnì náà kọ̀, kò ṣí, bẹ́ẹ̀ WhatsApp ń ṣiṣẹ́ geere. Àbúrò mi tó wà ní Houston ní ilé-ẹjọ́ kan l'Ámẹ́ríkà ti fagi lé òfin tó ní kí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì má ṣe ojúsàájú. Ṣé òun ló fà á? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ẹjọ́ Amẹ́ríkà kọ́ ló tilẹ̀kùn yunifásítì mọ́ ọmọ yín, irú dátà tí ẹ rà ni. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ara wọn tan, mo sì fẹ́ kí ẹ rí ibi tí wọ́n ti pàdé, torí ó kan ọjà tí ẹ̀ ń tà ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ohunkóhun tó bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, ìbáà jẹ́ àwòrán àdìrẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà ní Ìbàdàn, ìbáà jẹ́ èsì ìdánwò, wẹ́wẹ́ ni fóònù máa ń gé e, á sì kọ àdírẹ́sì ibi tó ń lọ sára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lóde òní, inú ẹrù náà sábà máa ń wà ní títì pa, tí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò fi lè kà á, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tó wà lára rẹ̀ hàn sí wọn kedere. Ẹ rántí ìtàn oníbodè ayé àtijọ́, tó máa ń jókòó sẹ́nu ibodè ìlú, tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ru ẹrù kọjá. Ẹ̀rọ kan wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń ṣe irú iṣẹ́ oníbodè yẹn. Mo ti jókòó síwájú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orúkọ ìkànnì àti áàpù á tò sójú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, WhatsApp rèé, Facebook rèé, YouTube rèé, àyè kan á sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan tí a ti lè pàṣẹ pé kí ó kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sanwó kí ó tó kọjá, kí ó máa rìn jẹ́jẹ́, tàbí kí ó má kọjá rárá.

Nígbà tí ẹ ra dátà WhatsApp, àṣẹ tí wọ́n pa sórí nọ́ńbà yín ni pé WhatsApp nìkan ni kí ó kọjá. Ìdí nìyẹn tí àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi kún fọ́fọ́ lójú fóònù tí ìkànnì yunifásítì kò sì ṣí: ẹ ti wọ ojú ọ̀nà, oníbodè ló dá yín padà. Bákan náà ni tí ẹnìkan bá fi líǹkì fídíò ránṣẹ́ sí yín. Líǹkì náà á wọlé, ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á kàn máa yí bírí-bírí lásán ni, torí bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ ti jáde kúrò nínú WhatsApp.

Ohun tí àbúrò yín ń sọ ni pé kí oníbodè má ṣe ojúsàájú: kí ó má dí ìkànnì kan, kí ó má fa ìkànnì kan sẹ́yìn, kí ó má sì gba owó lọ́wọ́ olówó kó lè máa ti ẹrù tirẹ̀ síwájú. Tim Wu, tó jẹ́ olùkọ́ òfin, ló fún ọ̀rọ̀ náà lórúkọ tí wọ́n ń pè é l'Ámẹ́ríkà, ìyẹn "net neutrality", lọ́dún 2003. Àjọ FCC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, sọ ọ́ di ìlànà tó lágbára lọ́dún 2015, wọ́n fagi lé e ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, wọ́n dá a padà ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan sì sọ ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 2025 pé FCC kò ní agbára láti ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2018, ṣùgbọ́n Texas ni àbúrò yín wà, òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní Kalifọ́níà yẹn náà, lọ́dún 2018, nígbà tí iná ńlá ń jó igbó, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Verizon fa dátà àwọn panápaná Santa Clara sẹ́yìn gan-an torí pé wọ́n ti lò ju òdiwọ̀n wọn lọ. Verizon ní àṣìṣe òṣìṣẹ́ àwọn ni, kì í sì í ṣe pé wọ́n fi ìkànnì kan ṣíwájú òmíràn. Síbẹ̀, ẹ wo bí ọwọ́ ẹnìkan lórí ẹ̀rọ ṣe lè kan ẹni tó ń paná lọ́wọ́.

Àwa náà ti fi ohun púpọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024, tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, áàpù báńkì mélòó kan kọ̀ jálẹ̀, owó kò lọ, owó kò bọ̀. Ọjọ́ yẹn, gbogbo wa la mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tí a kò ní mọ̀. Tí oníbodè bá fa ìkànnì kan ṣoṣo sẹ́yìn, ẹni tó ń lò ó á rò pé ẹni tó ni ìkànnì náà ni kò mọ iṣẹ́, á fi í sílẹ̀, kò ní bi nẹ́tíwọ́ọ̀kì léèrè.

Ibi tó ti kan àdìrẹ yín nìyí. Ká ní ẹ ṣí ìkànnì tara yín lọ́la, pẹ̀lú àwòrán aṣọ àti iye owó lórí rẹ̀. Gbogbo oníbàárà tó jẹ́ dátà WhatsApp nìkan ló ní, bíi tiyín, kò ní lè rí ṣọ́ọ̀bù yín. Ilẹ̀kùn tó tì mọ́ ọmọ yín á tì mọ́ ẹ̀yin náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń sọ pé ó sàn kí aláìní rí díẹ̀ ju kí ó má rí nǹkan kan lọ, n kò sì ní sọ pé irọ́ ni, torí mo mọ iye tí dátà ń jẹ lápò ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2016, àjọ TRAI, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Íńdíà, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, wọ́n sì ka títa dátà ìkànnì kan ní iye tó yàtọ̀ sí ti òmíràn léèwọ̀, títí kan Free Basics ti Facebook, ètò tó ń jẹ́ kí ènìyàn wọ ìkànnì díẹ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi gbà pé wọ́n rí i tọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, àjọ NCC, tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbé ìlànà jáde lọ́dún 2019 tó kọ dídí ìkànnì àti fífà á sẹ́yìn láìnídìí, ṣùgbọ́n irú dátà tí ẹ̀ ń rà yìí ṣì wà lọ́jà.

Ní báyìí, ẹ tẹ *323# kí ẹ wo ohun tó kù. Tó bá jẹ́ WhatsApp nìkan ló hàn, ẹ ra dátà gbogbogbòò díẹ̀ sí i nígbà tí ọmọ bá fẹ́ ṣe nǹkan ilé-ẹ̀kọ́. Tí ẹ bá ní dátà gbogbogbòò tí ìkànnì kan ṣì ń falẹ̀, ẹ má tíì bínú. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní ìdájí àti ní alẹ́, torí èrò máa ń pọ̀ lórí ọ̀pó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lálẹ́, ohun gbogbo á sì falẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìkànnì kan ṣoṣo ló ń falẹ̀ ní gbogbo ìgbà, tí ó sì ṣí kíákíá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, ó tó ohun tí à ń béèrè. Ẹ kọ orúkọ ìkànnì náà, ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kí ẹ pe 300 láti fi tó ilé-iṣẹ́ náà létí, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, NCC ló kàn, ọ̀fẹ́ sì ni pípe 622. Nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà fún wọn.