Ṣé èèyàn lè rí irú ìtò inú kírísítà (ohun líle bí iyọ̀, tí àwọn ègé kéékèèké inú rẹ̀ tò léraléra lọ́nà kan náà) lára nǹkan inú ilé?

Bẹ́ẹ̀ ni o, táìlì ilẹ̀ ló rọrùn jù. Fi ìka sí àárín táìlì onígun mẹ́rin kan, wá fọkàn yí gbogbo ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, tó bá ti yí dé ìdá kan nínú mẹ́rin ó máa bá ara ẹ̀ mu wẹ́kú, ìgbà 4 nìyẹn kó tó yípo tán. Afárá oyin ní tiẹ̀, ìgbà 6. Ti kírísítà ò kọjá 2, 3, 4 àti 6, kò sí 5 níbẹ̀ torí onígun márùn-ún tó dọ́gba ò lè tò pọ̀ kí àlàfo má wà (ti ara bọ́ọ̀lù kò kàn, bọ́ọ̀lù ò tẹ́ pẹrẹsẹ). Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bá onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Dan Shechtman, jiyàn gan-an nígbà tó rí irú 5 yẹn nínú àdàlù aluminium àti manganese ní 1982, àmọ́ wọ́n padà gbà pé òótọ́ ló rí, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2011.