Kí ló dé tí ọkọ̀ àtijọ́ kì í sítáàtì tí òjò bá ti rọ̀?

Ẹ ní ẹ́ńjìnnì Corolla 1990 yín a máa yí dáadáa láàárọ̀ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú l'Òṣogbo, ṣùgbọ́n kì í sítáàtì àfi tí oòrùn bá ràn. Tó bá ń yí, ẹ má tíì ra bátìrì. Iná pọ́lọ́ọ̀gì, ìyẹn ohun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, ni mo fura sí.

Iná yẹn lágbára, ó ju 10,000 fóòtì (volt) lọ. Tí ọ̀rinrin bá wọ ìdérí dístíríbútọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn pọ́lọ́ọ̀gì), tàbí tí wáyà pọ́lọ́ọ̀gì bá ti sán, iná á gba ojú omi sá lọ sára irin, kò ní dé pọ́lọ́ọ̀gì mọ́.

Ẹ dán an wò lálẹ́. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tó ṣókùnkùn, kí ẹnì kan máa sítáàtì rẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí iná búlúù tó ń tàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára wáyà, ibẹ̀ ló ti ń jò. Ẹ má fọwọ́ kàn án o!

Ẹ pa ọkọ̀, ẹ tú ìdérí yẹn, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú rẹ̀. Tó bá ti sán, tàbí tí ìlà dúdú tín-ínrín wà nínú rẹ̀, nínù kò ràn án, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa yọ wáyà, kí wọ́n má baà dàrú. Àwọn kan a máa fi ọ̀rá wé dístíríbútọ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn, ó ń sé ọ̀rinrin mọ́nú ni.

Tó bá jẹ́ pé kò tiẹ̀ yí, tó kàn ń dún kẹ́-kẹ́, orí bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀.