Àbúrò, gbé ìpara yẹn sílẹ̀ ná

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí o kọ. O ní ọmọ ọdún 21 ni ọ́, irorẹ́ ti bo iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, bí o bá sì ti fá irùngbọ̀n, ọrùn á yọ kókó. Ọ̀rẹ́ rẹ wá bá ọ ra ìpara kan tí wọ́n pò lọ́jà, o ti fi ń pa ojú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú sì ń dán. O ń béèrè bóyá kí o máa bá a lọ. Rárá o. Ìpara yẹn gan-an ló mú mi jókòó kọ èsì yìí, nítorí mo ti gba ọ̀nà yẹn kọjá.

Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, irorẹ́ mi kì í ṣe kékeré. Àwọn tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ a máa le lábẹ́ awọ bí ẹyọ àgbàdo gbígbẹ. Bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ sùn, ìrora ni yóò jí mi. Obìnrin kan tó ń ta ìpara bá mi po tèmi lójú mi: ó da ìpara funfun sínú ike, ó fún túùbù méjì sí i, ó já kápúsù kan, ó tú ẹ̀tù inú rẹ̀ lé e, ó fi igi rò ó pọ̀. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, gbogbo rẹ̀ ti wálẹ̀. Gbogbo díńgí ọkọ̀ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ni mo ń yọjú sí kí n lè rí ojú mi.

Oṣù méjì kò pé tí ọ̀rọ̀ fi yíwọ́. Awọ ojú mi fẹ́lẹ́ débi pé mo ń rí iṣan wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Bí oòrùn bá ti ta sí mi, á dà bí ẹni pé wọ́n fi ata pa mí lójú. Irorẹ́ wẹ́wẹ́ mìíràn, tí gbogbo wọn rí bákan náà, yọ bo ojú, àyà àti èjìká mi. Bí mo bá fi ìpara náà sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, á burú sí i. Bí mo bá tún fi pa, á rọlẹ̀. Ó ti so mí mọ́lẹ̀, n kò sì mọ̀.

Fáámásíìsì kan ní Òkè-Fìà ló là mí lójú. Ó ní kí n padà lọ wá èèpo túùbù tí obìnrin yẹn lò wá. Nígbà tí mo mú un dé, ó fi ìka sí ibi kan, ó ní kí èmi fúnra mi kà á: clobetasol. Steroid ni, ó sì lágbára gan-an. Àwọn àìsàn awọ mìíràn ni dókítà ń kọ ọ́ fún, fún ìgbà díẹ̀. Ó máa ń mú kí ibi tó wú rọlẹ̀ kíákíá, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń dán, ṣùgbọ́n kì í wo irorẹ́. Òun fúnra rẹ̀ a máa fa irorẹ́, a sì máa jẹ awọ. Nínú òmíràn, betamethasone, tí òun náà jẹ́ steroid, lo máa rí. Èyí tí wọ́n bá wá pò sínú ike, kò ní orúkọ kankan lára tí ẹnikẹ́ni lè kà.

Ohun tí ì bá ràn mí lọ́wọ́ látìbẹ̀rẹ̀ ni kí n mọ bí irorẹ́ ṣe ń wáyé. Bí ọmọkùnrin bá ti bàlágà, hòmóònù á mú kí ọ̀rá pọ̀ nínú ihò tí irun ti ń hù lójú. Awọ tó ti kú á dí ẹnu ihò náà. Ọ̀rá á há síbẹ̀, kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé lára gbogbo wa á máa bí sí i nínú rẹ̀, ara á gbógun tì í, ibẹ̀ á wú, á sì gba ọyún. Kì í ṣe pé o dọ̀tí. Kì í sì í ṣe nítorí pé o kò tíì níyàwó, bí àwọn ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù ṣe máa ń sọ fún mi lójú gbogbo èèyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju irorẹ́ lọ.

Nítorí pé mo rò pé ìdọ̀tí ni, mò ń fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú ha ojú lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ọṣẹ dúdú dára fún ara, n kò ní pa irọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n omi eérú tí wọ́n fi ń sè é mú kí ó le jù fún ojú tó ti ń ta ni tẹ́lẹ̀. Màámi ní kí n máa fi adín àgbọn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n adín a máa dí ihò yẹn ni.

Ohun tí fáámásíìsì yẹn kọ́ mi kò pọ̀, òun náà ni mo ṣì ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mò ń fọ ojú lóòjọ́, pẹ̀lú ọwọ́ lásán àti ọṣẹ tí kò le, tí kò ní lọ́fínńdà. Láàárọ̀, mo máa ń fi benzoyl peroxide, oògùn tó ń pa kòkòrò irorẹ́, pa á. Èyí tó jẹ́ 2.5% ti tó. 10% kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n á jó ọ lójú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpara fúyẹ́ tí wọ́n kọ non-comedogenic (kì í dí ihò awọ) sí lára, àti sunscreen, ìpara tó ń gba awọ lọ́wọ́ oòrùn; kí SPF, ìyẹn ìwọ̀n agbára rẹ̀, jẹ́ 30 ó kéré tán. Lálẹ́, adapalene 0.1%, ìpara tí kì í jẹ́ kí ihò dí, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan fún gbogbo ojú, kì í ṣe orí irorẹ́ nìkan. Alẹ́ kan, fo alẹ́ kan ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á tí ìyàwó yín lóyún, ẹ má jẹ́ kó fi adapalene pa ara.) Ṣọ́ra fún aṣọ pẹ̀lú: benzoyl peroxide a máa bó àwọ̀ aṣọ. Mo ní aṣọ ìrọ̀rí àdìrẹ ẹlẹ́lùú kan; láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi máa ń wà ti ṣí roboto bí ẹni pé wọ́n da bílíìṣì sí i.

Sùúrù ni ó le jù nínú ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ni mo bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú mi gbẹ, ó ń bó, irorẹ́ tuntun tún ń yọ. Díẹ̀ ló kù kí n padà sídìí ike. Fáámásíìsì ti kìlọ̀ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, pé kí n má dá a lẹ́jọ́ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Ìgbà tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun kún ìgboro ní oṣù Kẹjọ, àbúrò mi obìnrin dì mí lágbọ̀n mú, ó yí ojú mi sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ti jọ̀lọ̀.” Àwọn àmì dúdú tó kù pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbà tó ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó parẹ́. Má fi ìpara abóra lé wọn.

Ti ọrùn rẹ yàtọ̀ sí irorẹ́. Irun tiwa a máa ká. Bí abẹ bá gé e mọ́lẹ̀ jù, ṣóńṣó rẹ̀ á tún gún awọ padà wọlé, ibẹ̀ á sì yọ kókó. Má fá a kanlẹ̀. Ní kí onígbàjámọ̀ fi kílípà dá díẹ̀ sílẹ̀, kó tọ ọ̀nà tí irun dojú kọ, kó má fa awọ le. Ra kílípà tìrẹ, kí o máa mú un lọ. Bí kókó bá ti ń yọ lẹ́yìn orí náà, má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kàn án mọ́, nítorí ó lè di àpá líle tí kò ní lọ.

Nǹkan kékeré kan tó ṣe mí láǹfààní ni àkísà. Àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò mi ló máa ń wà, mo á fi nu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, mo á tún fi nu òógùn lójú. Ọ́ìlì yẹn náà ń dí ihò. Mo wá ń mú aṣọ ìnujú mímọ́ dání lójoojúmọ́. Ní ti ẹ̀pà tí wọ́n máa ń ní ó ń fa irorẹ́, mo fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kò yí nǹkan kan padà lójú mi.

Má fi ọwọ́ fún irorẹ́ rẹ o. Àpá méjì tó jìn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi, èékánná mi ló ṣe é. Bí tìrẹ bá sì ń le lábẹ́ awọ tó ń dun ọ́, tàbí tó ń fi ihò sílẹ̀, má dá ara rẹ tọ́jú, wá dókítà awọ ara lọ. Oògùn tó kápá irú ìyẹn wà, ṣùgbọ́n dókítà nìkan ló lè fún ọ.

Ní báyìí, bi ọ̀rẹ́ rẹ pé túùbù wo ni wọ́n fún sínú ike yẹn. Bí ó bá jẹ́ steroid, bí o bá ti fi í sílẹ̀, ojú rẹ lè kọ́kọ́ burú sí i fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan; má jẹ́ kí ìyẹn dá ọ padà. Kọ orúkọ rẹ̀ síbí kí ilẹ̀ tó ṣú, mo máa wá a wò.