Kí olùkọ́ tó wá oògùn sí ìwà ọmọ, ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wò ó

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo rí ìbéèrè yín nípa ilé-ìwé yín ní Ọbantókò. Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àwọn olùkọ́ tuntun, pé àwọn ọmọ tó ní autism, ìyẹn ìpèníjà tó ń mú kó ṣòro fún ọmọ láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ àti láti bá ẹgbẹ́ ṣe, àti àwọn tí nǹkan kì í tètè yé wà pa pọ̀ ní kíláàsì kan, pé ọmọ kan ń gé ènìyàn jẹ, òmíràn ń fi orí gbá ògiri. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ san owó sẹminá ọlọ́jọ́ méjì fún àwọn olùkọ́ náà. Èrò tèmi ni pé kí ẹ fi owó yẹn sílẹ̀ ná.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Abẹ́òkúta níbí. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ fúnra wọn, mo sì ti dúró ti àwọn olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó gba NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, ní FCE Special Ọ̀yọ́, ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń tọ́ olùkọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà láti 1977, tí wọ́n mọ orúkọ gbogbo ìpèníjà lórí. Síbẹ̀, tí ọmọ bá na ara sílẹ̀ tó ń ké, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa ti mú un. Kì í ṣe pé wọn ò kàwé. Ẹnu dùn ún ròfọ́ ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bá wọn ṣe nínú kíláàsì gan-an, ó máa ń ṣòro kó mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ kọ́ wọn ni kí wọ́n kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀, kí wọ́n yéé kọ ohun tí wọ́n rò. Ẹ sọ fún olùkọ́ tuntun pé kó kọ ohun tí ọmọ ṣe láàárọ̀, ẹ ó rí i pé ó máa kọ "ó ya olórí kunkun", "ó ń ṣe àṣejù", "ìyá rẹ̀ ló bà á jẹ́". Kò sí èyí tí ẹ lè rí fi ṣiṣẹ́ nínú gbogbo ìyẹn. Èyí tó wúlò ni: "Ó fi ọwọ́ òsì gbá ìwé kúrò lórí tábìlì, ó gé ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ, ó sì ké." Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò ni pé kí olùkọ́ míì tí kò sí níbẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ, kó sì ṣe é bí eré. Tí kò bá lè ṣe é, wọ́n máa tún un kọ.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á fa ìlà sí ìwé àkọsílẹ̀ lásán, kí ojú ìwé pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tó ṣẹlẹ̀ kété kí ọmọ tó ṣe é, ohun tí ọmọ ṣe, àti ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe tẹ̀lé e. Èyí kì í ṣe nǹkan tuntun. Sidney Bijou, onímọ̀ nípa ìwà ọmọdé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti kọ nípa irú àkọsílẹ̀ yìí láti 1968, a ò sì tíì rí èyí tó rọrùn jù ú lọ. Ọ̀nà kẹta yẹn ni àwọn olùkọ́ kì í fẹ́ kọ, torí pé àwọn fúnra wọn ló wà níbẹ̀. Ẹ má gbà fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọkùnrin kan. Gbogbo ilé-ìwé ló mọ̀ ọ́n mọ́ igbe àti ìjà. Olùkọ́ rẹ̀ ní ọmọ náà kórìíra òun ni. A ń kọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe sínú ìwé ọ̀nà mẹ́ta yẹn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Nínú ọ̀nà àkọ́kọ́, nǹkan kan náà ló ń jáde ṣáá: wọ́n fún un ní pẹ́ńsù, wọ́n ní kó dà á kọ láti ojú pátákó, wọ́n ṣí ìwé ìṣirò. Nínú ọ̀nà kẹta: wọ́n lé e síta, wọ́n ní kó lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n lé e síta. Mo bá lọ wò ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ara rẹ̀ ti balẹ̀ pátápátá, ó ń wo àwọn ọlọ́kadà tó ń lọ tó ń bọ̀, ó sì ń mi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́. Ohun tí wọ́n pè ní ìyà, òun gan-an lọmọ ń wá. Iṣẹ́ yẹn le jù fún un, kò sì ní ẹnu tó máa fi sọ ọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Èrè tí ọmọ ń rí nídìí ìwà ni kí olùkọ́ máa wá. Ó lè jẹ́ pé kí ènìyàn yíjú sí òun ló fẹ́, tàbí kó bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́, tàbí kó rí nǹkan kan gbà, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ara rẹ̀ ń gbọ́ nígbà tó bá ń ṣe é ló dùn mọ́ ọn. Ọmọ méjì lè ké igbe kan náà kí ìdí wọn yàtọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi sí oògùn ajẹ́bíidán kan tí wọ́n lè fún yín ní sẹminá.

Ní 1985, Edward Carr àti Mark Durand, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, fi hàn pé tí wọ́n bá kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó máa fi bèèrè ohun tó ń wá, ìwà yẹn á dínkù. Ohun tí a ṣe fún ọmọ tiwa náà nìyẹn. A gé àjákù àdìrẹ láti Ìtòkú, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kékeré. Tó bá gbé e sókè, ó ní kí a jẹ́ kí òun sinmi nìyẹn. Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá gbé e sókè la máa ń jẹ́ kó sinmi díẹ̀, lójú ẹsẹ̀, láìjanpata. A sì dín iṣẹ́ náà kù sí ìlà méjì. Nígbà tó mọ̀ pé a máa gbọ́ tòun, a wá ń fi iṣẹ́ kún un díẹ̀díẹ̀.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn olùkọ́ yín o: ọjọ́ tí igbe ò bá mú èrè wá mọ́, igbe náà máa ń kọ́kọ́ le sí i ni. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń jáwọ́, tí wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá sì jáwọ́ níbẹ̀, ọmọ ti kọ́ pé igbe ńlá ló ń jẹ́.

Bí mo ṣe ń kọ́ wọn nìyí: mo máa ṣàlàyé ní ṣókí, mo máa ṣe é kí wọ́n rí i, wọ́n á ṣe é lójú mi, kí ọ̀kan nínú wọn ṣe bí ọmọ, mo máa tún un ṣe níbi tó ti wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ wọn bá dá ṣáṣá la tó jọ wọ kíláàsì. Láti ka iye ìgbà tí ìwà kan wáyé, ẹ̀wà gbígbẹ ni mo ń lò. Olùkọ́ á kó o sí àpò ọ̀tún. Bí ìwà náà bá ti wáyé lẹ́ẹ̀kan, á gbé hóró kan lọ sí àpò òsì. Kí olùkọ́ méjì ka ọmọ kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ọ̀kan bá rí 8, tí èkejì rí 10, ìbámu wọn jẹ́ 80 nínú 100, ìyẹn sì ni ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń gbà. Tó bá kéré sí i, wọn ò tíì fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n ń kà. Ẹ pe àwọn àǹtí tó ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ mọ́ ọn, torí àwọn ló ń bá ọmọ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi oúnjẹ.

Pàṣán, ẹ kó o kúrò nílé-ìwé. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ kò lè sọ ohun tí wọ́n fi ṣe òun.

Ti ọmọ tó ń fi orí gbá ògiri yàtọ̀, ẹ má dúró de ìwé àkọsílẹ̀. Ẹ gbé tìmùtìmù síbẹ̀ lónìí, kí dókítà sì wo etí, eyín àti inú rẹ̀, kí wọ́n bèèrè nípa oorun àti wárápá. Etí tó ń ro ọmọ lè mú kó máa gbá orí láìsí ìdí míì rárá. Tí dókítà bá ní kí ẹ lọ sí Aro, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta níbí, ojú òbí lè yí padà. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Láti 1954 ni ilé ìwòsàn yẹn ti wà, kì í sì í ṣe àwọn tó ń rìn kiri ìgboro nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Ti èyí tó ń gé ènìyàn jẹ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìwé ọ̀nà mẹ́ta yẹn lọ́jọ́ Ajé. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ da ohun tó wà nínú ọ̀nà àkọ́kọ́ àti ìkẹta kọ síbí, láìfi orúkọ ọmọ sí i. Màá kà á, a ó jọ wò ó.